Òkun Kan fún Euphrasie

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 1982

"Kò sí ohun tí agbára mẹ̀kúnnù kò ká. Bí Ìyípadà bá pàṣẹ, òkun fúnra rẹ̀ yóò gun òkè wá sí Ìdáàṣà, yóò sì wá jíhìn fún wa."

Kámárádì Grégoire, aṣojú ìlú wa, ló sọ bẹ́ẹ̀ lánàá níbi àjọ̀dún, lórí tábìlì tí wọ́n yá ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ké "Ẹhúzù!" (ìyípadà), a dáhùn "Dàndàn!" (ó di dandan), a pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, kó má lọ di pé òkun dé tán, a ò wá mọ ẹni tó ránṣẹ́ pè é.

Grégoire ti gbàgbé pé òkun ti wà níbí láti ọdún mẹ́rin: àádọ́rin lítà, nínú àpótí dígí lórí tábìlì mi. Ọdún tí mo fẹ̀yìntì ni mo fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wá láti Kútọnu. Òkúta mẹ́ta láti ibi tí ìgbì ti ń lu ògiri èbúté, ìgbín òkun díẹ̀, ẹja mẹ́ta, àti òdòdó òkun kan. (Ẹranko ni, kì í ṣe ewéko. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé.) Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹja náà ní ìlà dúdú márùn-ún lára, ó sì ń lé àwọn yòókù kiri láìnídìí. Sàjáǹ la sọ ọ́.

Dókítà ti sọ ọ́ láìfi bò lọ́sẹ̀ tó kọjá: ọkàn Euphrasie kò lè gbé ìrìn àjò mọ́. Kò sí Gran-Pópó, ìlú rẹ̀, ní Kérésìmesì yìí, bóyá kò ní sí mọ́. Ọmọ etí òkun ni ìyàwó mi. Ọdún méjìdínlógójì ló ti bá mi gbé láàárín àwọn àpáta wọ̀nyí, nítorí mo sọ fún un nígbà náà pé ọdún méjì péré ni wọn yóò fi mí síbí. Kò sunkún. Ó gbé àga rẹ̀ lọ síwájú àpótí, ó jókòó.

"Kí lò ń wò, Ìyá Isabelle?"

"Sàjáǹ ni. Ó lọ, ó fi imú kan dígí, ó padà. Ó tún lọ, ó kan dígí, ó padà." Ó rẹ́rìn-ín. "Bíi tèmi láti yàrá dé ilé ìdáná."

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Mo ránṣẹ́ pe Eustache. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì nígbà kan (Mẹ́tìrì, olùkọ́, ni gbogbo wọn ṣì ń pè mí), ó sì ti kọ́ gbogbo ibojì tó dára láti ibí dé Soclogbo. Kò tíì wọlé tán tó ti ṣí fìlà.

"Mẹ́tìrì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Òkun ni mo fẹ́ kó o kọ́lé fún."

Sìmẹ́ńtì fún ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, dígí fún iwájú. Mítà kan ààbọ̀ ní gígùn, yóò gba nǹkan bí irínwó lítà àti àádọ́ta. Eustache fi okùn wọn ilẹ̀ yàrá àlejò, ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yíjú sí Euphrasie. "Màmá, bí Mẹ́tìrì bá ká orúnkún díẹ̀, á wọ̀ ọ́."

Euphrasie rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti fọwọ́ di àyà mú. Èmi àti Eustache ń wo ọwọ́ yẹn títí ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Dígí ti wà! Ràmọ́nù tó ní ìsọ̀ lẹ́bàá ọjà yọ gíláàsì ńlá ojú ìsọ̀ rẹ̀ fún mi, tó nípọn bí àtàǹpàkò, tí bàbá rẹ̀ rà nígbà àwọn Faransé.

"Ẹ mú un, Mẹ́tìrì. Láti ìgbà tí ìjọba ti ń bá wa tajà, eruku nìkan ni mo ń pàtẹ lẹ́yìn rẹ̀."

Mo ní kí ni yóò gbà. Ó ní, "Lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi ní ìṣirò? Ẹ ti nà mí tó."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ọyẹ́ ti dé gan-an. A ò rí orí òkè mọ́, ètè gbogbo wa ti ya. Eustache parí iṣẹ́. Nísàlẹ̀ lápá kan nínú rẹ̀, ó ti fi sìmẹ́ńtì ṣe ìtẹ́lẹ̀ kékeré kan tó mọ́ lọ́wọ́. Mo ní kí nìyí? Ó wò ó pẹ́. "Ibi tí àgbélébùú ń dúró sí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ mi ló ṣe é, èmi kọ́."

A fi í sílẹ̀. Euphrasie ní akàn yóò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Sìmẹ́ńtì tuntun ń pa ẹja. Àfi kí a rọ omi kànga kún un, kí ó lo ọjọ́ mẹ́ta, kí a gbọ́n ọn kúrò, kí a tún rọ òmíràn, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀rùn yìí, tí àwọn obìnrin ń tò sí ẹnu pọ́ǹpù láti ìdájí! Ojú tì mí láti gbé garawa kọjá níwájú wọn. Euphrasie ló rí ọ̀nà àbáyọ: omi tó bá jáde nínú rẹ̀, kí àwọn tó ń mọ bíríkì ògiri ilé ìwòsàn kó o. Bíríkì kò bìkítà bóyá omi dùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé etí ìjọba. Grégoire wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti báàjì láyà.

"Kámárádì Mẹ́tìrì, a gbọ́ pé ẹ ń da omi mẹ̀kúnnù nù fún ìgbádùn ara ẹni, èyí tí í ṣe ìwà àwọn..."

"Grégoire ọmọ mi," ni Euphrasie wí láti orí àga rẹ̀, "bọ́ bàtà rẹ ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni."

Ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu ní àtàǹpàkò. Ó ṣòro kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ ìjọba nìṣó láti ibẹ̀. Ó lọ wo àwọn tó ń mọ bíríkì, ó sì sọ fún wọn pé òun ló ṣètò omi náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kérésìmesì. A jẹ iyán, ẹja gbígbẹ ni ọbẹ̀. Kò dárúkọ Gran-Pópó rárá ní gbogbo ọjọ́. Ìbá sàn kó dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní, 1983

Òkun dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán, nínú bídọ́ọ̀nù (kẹ́ẹ̀gì ńlá) méjìdínlógún. Isabelle ọmọ wa tó wà ní Kútọnu ló fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ méjì rọ ọ́ ní etíkun. Ó fi lẹ́tà sí i: "Bàbá, àwọn èèyàn bi mí bóyá wèrè ni mí. Mo ní rárá, bàbá mi ni." Méjì nínú bídọ́ọ̀nù náà ní òórùn epo pupa, mo yọ wọ́n sọ́tọ̀. Ìyókù la dà sínú ibojì (orúkọ tí gbogbo ìlú ń pè é nìyẹn báyìí). Omi dúdú, ó kún fún iyanrìn, ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo sọ fún Euphrasie pé yóò tòrò.

Ó fi ìka kan ọ́n, ó lá ìka rẹ̀, ó dijú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ sí Glazoué wá rọ́bà inú táyà kámíọ̀n (ọkọ̀ akẹ́rù) tí kò jò. Bí mo ṣe ń fún àwọn ẹja mi lémìí nìyẹn láti ọdún mẹ́rin, láìsí iná mànàmáná: mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún rọ́bà, mo ń fi ọ̀pá tín-ínrín tú u díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Òkun ńlá yìí yóò gba ti kámíọ̀n.

Nígbà tí mo padà dé, omi ti mọ́ gaara. Mo rí ìtẹ́lẹ̀ àgbélébùú Eustache ní ìsàlẹ̀ bí ẹni rí i nínú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ méjì péré! Mo ṣe àlàyé gígùn fún Euphrasie lórí bí iyanrìn òkun ṣe wúwo ju ti odò lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A kó wọn lọ sínú òkun ńlá. Mo fi àwo gbé òdòdó òkun, ó fi gbogbo ìka rẹ̀ di tèmi mú bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kìíní. Òkúta méjì, ìgbín, ẹja mẹ́ta. Mi ò tíì ráyè fún òkúta kẹta, mo fi í sílẹ̀ nínú àpótí kékeré pẹ̀lú omi àtijọ́. Mi ò lè da omi nù lẹ́ẹ̀rùn. Euphrasie jókòó síwájú dígí Ràmọ́nù títí oúnjẹ fi tutù. Mo ti ṣe é yọrí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òdòdó ti pa ara rẹ̀ dé. Mo ní ìrìn àjò ló rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ẹja kékeré méjèèjì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo sin wọ́n sábẹ́ ìbẹ́pẹ kí Euphrasie tó jí. Ìgbín ti já bọ́ lára òkúta. Sàjáǹ ń mí lókè omi, kò lé ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ sí ẹni tó kù fún un láti lé. Mo dá a padà sínú àpótí kékeré pẹ̀lú òdòdó, ní kíá. Mo fi aṣọ bo òkun.

Mo lọ bá Eustache jà. Mo ní sìmẹ́ńtì rẹ̀ ni. Ó fi ṣọ́bìrì lélẹ̀, ó wò mí tìbànújẹ́tìbànújẹ́.

"Mẹ́tìrì, ogún ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Nínú gbogbo àwọn tí mo fi síbẹ̀, ẹyọ ẹnì kan kò tíì ráhùn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo rí i. Kì í ṣe sìmẹ́ńtì.

Mo wá iyọ̀ lọ sí ilé ìdáná. Lẹ́yìn ìkòkò, nínú aṣọ funfun: álọ́ọ̀mù, òkúta kan tó tó ìkúùkù, tí ó ti yọ́ ju ìdajì lọ.

Ọjọ́bọ̀ náà, nígbà tí mo wà ní Glazoué, Euphrasie ti dìde lórí àga tí wọ́n ní kó má dìde, ó ti po álọ́ọ̀mù sí omi òkun kó lè mọ́ fún mi. Bí gbogbo ilé ti ń ṣe sí omi adágún lẹ́ẹ̀rùn, láti ibí dé Tré. Ta ló kọ́ wọn? Ẹ̀kọ́ Kejìlá, Omi Mímọ́: ìwọ̀n èékánná kan nínú garawa kan, ẹ pò ó, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọ. Mo máa ń na ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n sórí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé omi tí nǹkan ń gbé inú rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ òun.

Àti èmi, pẹ̀lú àlàyé mi lórí bí iyanrìn ṣe wúwo tó.

Ó pè mí láti yàrá: "Bàbá Isabelle, ṣé omi náà ṣì mọ́?"

Mo ní ó mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

N kò ní sọ fún un. Ọkàn yẹn ń gbé ẹrù tó tó o. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìdí tí aṣọ fi bo òkun, àti ibi tí ẹja méjì lọ. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Eustache, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ronú, ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ lára ṣòkòtò, ó tẹ̀lé mi wálé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Euphrasie.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Sìmẹ́ńtì mi ló pa wọ́n. Mi ò jẹ́ kó gbẹ dáadáa."

"Dìde, Eustache. Ẹja ni, kì í ṣe ènìyàn."

"Ẹja Màmá ni."

Ní ẹnu ọ̀nà ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Mẹ́tìrì. Ọjọ́ tí mo fọ́ fèrèsé kíláàsì, ṣebí ẹ sọ fún ọ̀gá pé afẹ́fẹ́ ni."

Mo ti gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

"Ta ló mú álọ́ọ̀mù mi?"

"Eku ni."

"Eku tó ń fọ omi," ni Euphrasie wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A ti gbọ́n omi burúkú náà kúrò, a ti fọ ibojì lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n kò sí òkun tuntun. Isabelle kọ̀wé: àwọn tí wọ́n lé ní Nàìjíríà ń wọ Kútọnu bí eṣú, ti àwọn ti àpò, ti àwọn ti ọmọ, kò sí ẹni tó fẹ́ gba bídọ́ọ̀nù omi iyọ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin nírú àkókò yìí. Mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ràmọ́nù ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé lánàá láti Èkó pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Euphrasie kò lè dé ẹnu ọ̀nà mọ́ láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà wá, ó fọwọ́ kàn mí léjìká nígbà tó ń lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kejì

Grégoire wá béèrè ọjọ́ tí a ó ṣí òkun náà ní gbangba. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ojú ewé mẹ́rin. Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, mo sọ fún un pé omi bàjẹ́, kò sí òmíràn, àti ohun tí ọwọ́ dókítà sọ fún èjìká mi.

Ó ká ojú ewé mẹ́rin náà sápò láì kà á. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe é.

"Lọ́dún tí ìyá mi kú," ló wí, "ìdí ìkòkò Màmá ni mo ti ń jẹun kí n tó lọ sí kíláàsì yín. Ẹ̀yin ò mọ̀. Ó ní kí n má sọ fún yín, kí ẹ má baà fi ojú àánú wò mí."

Lẹ́yìn náà ló yọ òǹtẹ̀ ìjọba nínú àpò, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó kọ ọ́ gàdàgbà: OHUN ÈLÒ Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌDÀGBÀSÓKÈ MẸ̀KÚNNÙ, KÒ GBỌDỌ̀ PẸ́ LỌ́NÀ. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn níbi mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ gbé òkun wá láti Kútọnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Grégoire dé! Ó jókòó sáàárín bídọ́ọ̀nù láti Kútọnu títí dé ibí, nínú yàrá ẹrù ọkọ̀ ojú irin, nítorí ó ti fi ìjókòó rẹ̀ fún obìnrin kan tó ń ti Èkó bọ̀ pẹ̀lú ìbejì. Iyọ̀ ti gbẹ funfun títí dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ìjọba kankan. Ó jókòó síwájú Euphrasie, bàtà lọ́wọ́.

"Màmá, mi ò rí i rí."

"Òkun? Ìwọ tó fẹ́ pè é wá?"

"Mo rò pé ó dà bí odò, kó kàn tóbi ni. Mẹ́tìrì, ẹ ò sọ fún wa ní kíláàsì pé kì í sinmi."

Òtítọ́ ni, n kò sọ ọ́. Ohun tí n kò sọ fún àwọn ọmọ yìí ti ń pọ̀ jù.

Euphrasie di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Sọ fún mi. Ìgbì kẹta, ṣé ó ṣì máa ń ga ju méjì àkọ́kọ́ lọ?" Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ ìgbì títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí a rọ omi sínú ibojì, ó tún dúdú bíi ti àkọ́kọ́. Eustache, èmi, Grégoire, kò sẹ́ni tó mí. Euphrasie wò ó.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Á tòrò fúnra rẹ̀."

Mo wo ojú rẹ̀. Omi ló ń wò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ogún

Ọjọ́ mẹ́jọ ló gbà. Ó tòrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Mo kó òkúta, òdòdó, Sàjáǹ, àti ẹja tuntun mẹ́rin àti akàn méjì tí Isabelle fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ rọ́bà kámíọ̀n fúnra mi títí apá fi ń ro mí. Gbogbo wọn yè di alẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Òdòdó ti là, ó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akàn ti gba ìtẹ́lẹ̀ àgbélébùú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ọn.

Ohun kan ṣe mí ní kàyéfì. Láti ọjọ́ mẹ́jọ, Sàjáǹ kò kọjá ìwọ̀n tí àpótí àtijọ́ fẹ̀ sí. Ó lọ, ó dé àárín omi níbi tí kò sí nǹkan kan, ó yí padà. Mo ti ń bínú sí i. Euphrasie ní kí n yé bínú, ó ní òun náà gbé Ìdáàṣà ọdún kan gbáko kí òun tó mọ̀ pé òun lè gun òkè.

Lónìí, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, Sàjáǹ dé àárín, ó dúró, ó ronú. Ó kọjá. Ó lọ títí dé òpin, mítà kan ààbọ̀, ó sì sáré padà. Euphrasie pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó rẹ́rìn-ín, kò fọwọ́ di àyà. Mo ní láti jáde lọ wo ìbẹ́pẹ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Òjò ṣú, kò rọ̀. Grégoire wá ṣí òkun náà, ó mú ojú ewé mẹ́rin rẹ̀ dání, ó ka ìdajì ojú ewé kan, ó ká a, ó jókòó sílẹ̀ láti wò ó pẹ̀lú wa. Ràmọ́nù mú ọsàn wá.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Euphrasie ní kí n ti àga òun súnmọ́ ọn sí i. Mo tì í títí orúnkún rẹ̀ fi kan sìmẹ́ńtì.

"Bàbá Isabelle, ọdún mélòó ni irú ẹja yìí ń lò láyé?"

Mo lè purọ́. Mo ti ń mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé náà níwájú rẹ̀ rí. "Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ìwé ní ó lè tó ọdún mẹ́wàá."

"Ẹ wò ó!" ló wí. "Ọdún mẹ́wàá."

Inú rẹ̀ dùn fún un, mo rí i, inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Ó gbé ọwọ́ lé dígí. Sàjáǹ wá síbẹ̀, gbogbo ìlà márààrún, ó dúró níwájú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Mo fa àga tèmi súnmọ́ tirẹ̀, mo jókòó. Ó tẹ orí síwájú, ó bá ẹja náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bi ọmọ kan lórúkọ:

"Ní ọdún kẹwàá yẹn, ta ni yóò máa wò ẹ́?"